Ibi tí Ẹ̀rín Fúnmi Ti Wá

Ọjọ́ Ajé, 7 Ọ̀wàrà 2024. Fìdítì

Jọkẹ́ ọmọ mi gbé Fúnmi wá láti Ilora. Ọmọ ọdún mẹ́ta, kò pe "màmá" rí, ìrìn rẹ̀ ń gbọ̀n, kì í sùn. Ẹ̀rín ṣáá. Mo bá a wí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ṣubú, ó rẹ́rìn-ín. Bó bá ti rí omi nínú báàfù, ọwọ́ méjèèjì a lọ sókè, inú rẹ̀ a dùn.

N ó sọ ọ́ síbí, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní já mi lẹ́nu: ilé Nathaniel, ọkọ Jọkẹ́, ń fi nǹkan pamọ́ fún wa. Ìyá Nathaniel — Ìyá Sùúrù ni mo sọ ọ́, torí ohunkóhun tí a bá bi í, "ẹ ṣe sùúrù" ni. Sùúrù kí ni? Ilé tiwa mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì gba jẹ́nótáìpù àwọn méjèèjì kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀. AA àti AA. Níbo wá ni àìsàn gbà wọlé?

Ọjọ́bọ̀, 10 Ọ̀wàrà

Mo lọ sí Ilora. Mo ní èlùbọ́ ni mo wá rà. Irọ́ ni, ìwádìí ni. Mo bi obìnrin tó ń ta gààrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀ tí wọn kì í jẹ́ kí àlejò rí. Ó ní kò sí, ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ìyá Sùúrù rí mi, ó gúnyán fún mi, kò bi mí ohun tí mo wá ṣe. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ṣé kò yẹ kó bi mí?

Ọjọ́ Àìkú, 13 Ọ̀wàrà

Ọ̀gá Dákẹ́, ìyẹn ọkọ mi, ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yìn ń dùn ún. Ẹ̀yìn náà ló gun ọ̀kadà lọ sí Iware lọ́sàn-án.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 Ọ̀wàrà. Ìbàdàn

Èsì àyẹ̀wò Fúnmi dé. Dókítà Àsmá'ù — ọmọdé ni lójú mi, àmọ́ ó fara balẹ̀. Ó ní jíìnì kan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀dà méjì ni kálukú ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá. Nínú ọpọlọ, ti ìyá nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ti bàbá ò bàjẹ́ o, ara fúnra rẹ̀ ló ń pa á lẹ́nu mọ́. Okùn tín-ín-rín kan tí wọ́n ń pè ní RNA ló máa ń gbé ọ̀rọ̀ inú jíìnì jáde kí ara lè fi ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n lórí ẹ̀dà ti bàbá yìí, RNA mìíràn wà tó ń bọ̀ láti òdìkejì, ẹ̀yìn sí iwájú, tó ń dí i lọ́nà. Bẹ́ẹ̀ ló rí lára gbogbo wa, àti lára eku pàápàá. Ẹ̀dà tí Fúnmi gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ló lábùkù. Torí náà, kò sí èyí tó ń ṣiṣẹ́.

Inú bí mi. Ìyá kẹ̀? Mo bi í ta ló ti wá bá a sọ̀rọ̀ láti Ilora. Jọkẹ́ fi ìgúnpá gún mi. Mo ní bí Jọkẹ́ bá lábùkù, báwo ló ṣe ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò? Dókítà ní bóyá ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti gbà á. Ẹ̀dà ti bàbá kì í sáà sọ̀rọ̀ nínú ọpọlọ, torí náà kò lè hàn lára rẹ̀. Ó lè máa gba ara ọkùnrin kọjá láìsí ẹni tó mọ̀, àfi ìgbà tí obìnrin bá gbé e fún ọmọ. Ó fẹ́ ẹ̀jẹ̀ Bàbá Jọkẹ́. Ó fẹ́ ti Purity, àbúrò Jọkẹ́, náà kó tó lọ sílé ọkọ.

Nathaniel béèrè nípa ẹ̀dà tirẹ̀ lára Fúnmi. Dókítà ní odindi ló wà, wọ́n kàn dí i lẹ́nu ni. Ó ní wọ́n ń dán oògùn kan wò lókè òkun, ọ̀pá ẹ̀yìn ni wọ́n ń gún un sí, kó lè já okùn òdìkejì yẹn, kí ti bàbá lè sọ̀rọ̀. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Kò sì ṣèlérí. Nathaniel bojú, ó sunkún. Ti Ilora ló pé. Mi ò mọ ibi tí mo lè wò.

Ọjọ́bọ̀, 17 Ọ̀wàrà

Ọ̀gá Dákẹ́ kọ̀ jálẹ̀. Kò sí ẹni tó máa gba ẹ̀jẹ̀ òun. Mo rán an létí pé ará ilé àfẹ́sọ́nà Purity ń bọ̀ wá ṣe ìwádìí ìdílé wa lọ́jọ́ kejì oṣù Bélú. Ó gbé oúnjẹ tì.

Ọjọ́ Ẹtì, 25 Ọ̀wàrà

Ọ̀la ló tún fẹ́ lọ sí Iware. Ó ra ọṣẹ, mílíìkì, àti ṣòkòtò tí kì í ṣe ìwọ̀n rẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun, Àǹtí Morìnsọ́lá, lòun fẹ́ lọ kí. Mo wá rò ó: ilé wa ni Àǹtí máa ń wá, èmi ò dé tiwọn rí. Òrùlé ń jò, wọ́n ń tún ilé ṣe, ìgbà gbogbo ni àwáwí wà. Obìnrin ni. Dandan, obìnrin ni. Pẹ̀lú ewú orí yẹn! Mo máa tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 Ọ̀wàrà

Kí n tó rí ẹnikẹ́ni, mo gbọ́ ẹ̀rín. Mo rò pé Fúnmi ni.

Ẹ̀yìnkùlé Àǹtí. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan jókòó sínú báàfù ńlá, ọwọ́ méjèèjì lókè, ó ń rẹ́rìn-ín sí omi. Ọkọ mi ń fi kànìnkànìn fọ ẹ̀yìn rẹ̀. Àǹtí rí mi, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Akínwálé. Ọmọ kan ṣoṣo tí Àǹtí bí. Kò sọ̀rọ̀ rí. Nígbà tí àwọn bàbá mi wá wádìí ilé yìí kí n tó fẹ́ ẹ, abà oko ni wọ́n gbé e sí. Nígbà tí àwọn ará Ilora wá wádìí Jọkẹ́, abà náà ni. Wọ́n sì ti ṣètò abà sílẹ̀ de ti Purity.

Ọkọ mi ò gbójú sókè. Ó ní, "Bí mo bá sọ, ta ni ì bá fẹ́ àwọn ọmọ wa?"

Èmi tí mo lọ tú ilé onílé ní Ilora.

Ọjọ́ Àìkú, 27 Ọ̀wàrà

Mo kó ẹní mi lọ sí yàrá Purity.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 Ọ̀wàrà

Mo lọ sí Ilora, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ìyá Nathaniel. Ojú tì mí débi pé n kò gbọ́ ohùn ara mi. Wọ́n fà mí dìde. "Ẹ ṣe sùúrù," ni wọ́n sọ. Ẹkún sì gbà mí lẹ́nu.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 Bélú

Bàbá Jọkẹ́ lọ sí Ìbàdàn fúnra rẹ̀, ó fún wọn ní ẹ̀jẹ̀. Mo ti sọ fún Àǹtí: Akínwálé ò ní lọ sí abà kankan lọ́la. Bí àwọn olùwádìí bá fẹ́ sá, kí wọ́n sá.

Purity dé láti Ọ̀yọ́ ní ìrọ̀lẹ́, ó ń kọrin, ó ń bi mí aṣọ tí òun máa wọ̀ lọ́la. Mo ní kó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ ná, kó bá mi dé Iware, ká lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màámi, ẹ̀gbọ́n wo? Èmi ò ní ẹ̀gbọ́n ní Iware."

Mo ní, "O ní."