Ọmọ Mélòó Lẹ Bí, Màámi?

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má bínú pé láti ìgbà tí mo ti ṣègbéyàwó, n kò tíì kọ nǹkan kan sí yín. Ojú ló ń tì mí. Ẹ ṣáà mọ̀ mí, kódà tó bá jẹ́ ìwé ni mò ń kọ, ọ̀rọ̀ á máa sá padà sínú mi. Ìwé tí mo kà náà kò kọjá prámárì fáìfù. Ibi tí mo bá ti kọ ọ́ wọ́, ẹ bá mi tún un ṣe.

Mo ti ń lọ sí oṣù kẹrin nílé ọkọ. Mùṣín níbí náà la wà, kò jìnnà sí ibi tí ẹ ti ń dirun tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan ti sọ ibẹ̀ di ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Mo máa ń gba iwájú ẹ̀ kọjá, n kì í wo inú ẹ̀.

Ọkọ mi ń ta iná mọ́tò tòkúnbọ̀ ní Ládìpọ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Mo ṣì ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n bí mo ṣe ń pè é kó tó fẹ́ mi, ó sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìyàwó mi, ṣé ìyá kan náà ló bí wa ni?" Màá rẹ́rìn-ín, màá tún pè é ní Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin náà ì bá fẹ́ràn ẹ̀. Bíi tiyín, kì í jẹun kó má ṣẹ́ díẹ̀ kù sínú abọ́.

Òun ló ní kí n lọ kọ́ òyìnbó. Obìnrin kan ní Sùúrùlérè tó ń ta aṣọ ọmọdé ń wá ẹni tí á máa bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀. Ó ní òun á gbà mí tí gẹ̀ẹ́sì mi bá ti já geere díẹ̀ sí i. Ni mo bá ń lọ kíláàsì ọ̀sán Sátidé ní Yábà, nínú yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bàbá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni tíṣà wa, kì í pariwo mọ́ni.

Màámi, òyìnbó pín ohun gbogbo sí méjì. Ohun tí wọ́n ń kà wà lọ́tọ̀, ohun tí wọn kì í kà wà lọ́tọ̀. Ṣíbí, àga, ẹyin, "many" ni tiwọn. Omi, epo, iyọ̀, "much" ni tiwọn. Tí ṣíbí bá kéré, "a few" ni. Tí omi bá kéré, "a little" ni. Àwa ní tiwa, omi ni o, ṣíbí ni o, "púpọ̀" àti "díẹ̀" ti tó wa. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí wọ́n ní irun wà lára ohun tí wọn kì í kà. Mo rántí ọwọ́ yín lórí mi, bí ẹ ṣe máa ń là á lọ́nà lọ́nà pẹ̀lú ẹnu òòyà, mo ní tí òyìnbó yìí bá mọ ìyá mi ni, á mọ̀ pé irun ṣeé kà.

Tíṣà ní ká kọ ohun mẹ́wàá tí a kì í kà nínú ilé. Mo kọ omi, iyọ̀, gaàrí, òróró, mò ń kọ wọ́n lọ. Nígbà tó ku ẹyọ kan, mo kọ ọmọ. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣebí ẹ̀yin lẹ gbá mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mò ń na ìka sí àwọn ọmọ àgbàlá wa, tí mò ń wí pé ení, èjì, ẹ̀ta. Ẹ ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.

Tíṣà ka ìwé mi síta. Àǹtí kan tó jẹ́ télọ̀, tó jókòó tì mí, fọwọ́ gbá tábìlì. "Ìyàwó, kọ́ńgò lo fẹ́ máa fi wọn ọmọ ni, àbí ìgò?" Ẹni tó ń ta ẹja dídì dá a lóhùn láti ẹ̀yìn, "Ẹ jẹ́ kó bí i ná, ká tó mọ lítà tó máa jẹ́." Gbogbo kíláàsì ń rẹ́rìn-ín.

Tíṣà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní tó bá di Sátidé tó ń bọ̀, kálukú máa dìde sọ̀rọ̀ nípa ilé ìyá ẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ tí a kọ́ yẹn. Ó wá yíjú sí mi. "Ọmọ mélòó ni ìyá yín bí?"

Òyìnbó ẹ̀ kọ́ ló ṣòro, n kò mọ iye náà ni. Èmi nìkan ni mo mọ̀ nílé wa. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn kan ti wà ṣáájú mi, torí àwọn àgbà ilé máa ń sọ̀rọ̀ wọn ní wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n á sì dákẹ́ tí mo bá dé. Tí wọ́n bá sì bi yín pé ọmọ mélòó lẹ bí, ẹ ó ní, "Ọlọ́run ló ni wọ́n," ẹ ó sì tẹra mọ́ irun tí ẹ ń dì.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ṣé ẹ rántí ìgbà tí àwọn ọmọ Alájà tó ń gbé òkè ilé wa nà mí nídìí ẹ̀rọ omi? Àwọn ní ẹ̀gbọ́n, èmi ò ní. Mo sunkún délé, mo bi yín pé ṣé èmi nìkan lẹ mọ̀ ọ́n bí ni. Ẹ ò nà mí. Ẹ fà mí sáàárín ẹsẹ̀ yín, ẹ tú irun mi tí kò tíì gbó, ẹ tún un dì. Màámi, kí lẹ ń rò nígbà yẹn? Ẹ dárí jì mí. N kò mọ̀ ni.

Lọ́jọ́ Wẹ́sidé, mo ra ọsàn dání, mo lọ bá Àǹtí Sìkírá, àbúrò yín, ní Ọ̀yìngbò. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo bi wọ́n pé ọmọ mélòó ni Màámi bí. Wọn ò gbójú sókè.

"Ta ló ń bi ẹ́?"

"Tíṣà wa ni, mà."

"Tíṣà. Ó fẹ́ rà wọ́n ni?"

Ẹ̀rín ni mo fẹ́ rín, ẹkún ló jáde. Nígbà tí wọ́n rí omi lójú mi, wọ́n gbé atẹ sílẹ̀. "Èmi ò ní kà wọ́n o. Ìyá ẹ ò kà wọ́n títí tó fi fayé sílẹ̀. Orúkọ ni mo máa pè. Èyí tó o bá fi ọkàn ẹ ṣe, ìwọ lo mọ̀."

Wọ́n pe Wàhábì, tó ti ń lọ ilé kéwú, tó máa ń bá yín gbé àpótí ìjókòó yín lọ síbi irun láàárọ̀, kí ibà tó mú un lọ. Wọ́n pe Mọnsúrà, wọ́n ní ó fojú jọ mí. Wọ́n pe Kàmórù. Wọ́n ní ọ̀kan wà tí kò dọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Wọ́n wá wò mí. "Nítorí ta lo rò pé ìyá ẹ fi ń ṣe sàárà pọfu-pọfu ọjọ́ Jímọ̀ yẹn?"

Màámi, èmi lẹ máa ń rán. Ní gbogbo Jímọ̀, bóyá owó wà, bóyá kò sí, ẹ ó ní kí n rà á, kí n pín in fún àwọn ọmọ tí mo bá kọ́kọ́ rí ládùúgbò. Inú máa ń bí mi pé àwa gan-an ò tíì yó. Mo máa ń jẹ ọ̀kan lọ́nà kí n tó pín ìyókù. Ìpín ta ni mò ń jẹ nínú wọn?

Nígbà tó di Sátidé, mo padà lọ. Ẹ̀gbọ́n ti bá mi dánra wò, ó ń ṣe bíi tíṣà, ó ń wú ikọ́ èké. Nígbà tó kàn mí, mo dìde. Mo ní, "My mother had many children." Tíṣà mi orí pé ó dáa. Ó ní, "How many?"

Iye yẹn wà lẹ́nu mi. Mo ti kà wọ́n, Màámi, nínú bọ́ọ̀sì tó gbé mi ti Ọ̀yìngbò bọ̀. Abẹ́ ìbòrí mi ni mo ti fi ìka kà wọ́n, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dúró yẹn ni mo rí oore tí ọ̀rọ̀ òyìnbó náà ṣe mí. "Many" gbà pé wọ́n ṣeé kà, pé kálukú wọn dá wà fún ara ẹ̀, wọn kì í ṣe omi tó dà nù. Kò sì fipá mú mi láti kà wọ́n síta. Mo ní, "Many, sir." Mo jókòó.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Tíṣà ní, "Good," ó pe ẹlòmíràn. Àǹtí télọ̀ rọra sún mọ́ mi lórí bẹ́ǹṣì. "Ìyàwó, ìyá tèmi náà ò jẹ́ kí wọ́n kà wá." Nígbà tó kan òun, ó ní "a few" ni àwọn. Ó tún sọ sí mi létí, "A ò tó tiyín."

Obìnrin Sùúrùlérè ò tíì pè mí. Ọkàn mi sọ fún mi pé á pè.

Láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn àsùbá, mo ṣàdúà fún yín, mo sì dárúkọ wọn tẹ̀lé yín fún ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ èyí tí kò lórúkọ, n kò mọ ohun tí màá pè é. Orúkọ wo lẹ ti ní lọ́kàn fún un? Ṣé ọkùnrin ni, àbí obìnrin? Ṣé gbogbo yín jọ wà pa pọ̀ níbẹ̀? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ bá mi kí wọn. Ẹ sọ fún wọn pé mo wà, pé mo ti ń gbọ́ nípa wọn.

Èmi ni,
ọmọ yín, àbúrò Wàhábì.