Ohun Tí Mo Sọ Nípa Ọkọ Màmá Àlàbá

Yaba, Sátidé, Oṣù Kẹwàá 1974

Ojú gbà mí tì lónìí. Níbi ìsìnkú Bàbá Àlàbá, èmi tíṣà ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa olóògbé. Òyìnbó ni mo sọ. Mo pe ọjọ́ ogbó wọn ní "gloaming". Àwọn alákọ̀wé ń mi orí.

Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá Àlàbá, opó wọn, fà mí láṣọ. "Tíṣà, kí lẹ sọ nípa ọkọ mi?"

"Ó jinlẹ̀, Mà. Kò ṣe é fi Yorùbá sọ."

Irọ́! N kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ni.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ díkíṣọ́nárì wò. Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ ni. Àwọn ará Scotland ni kò jẹ́ kó parẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tó ṣẹ́kù lójú ọ̀run lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀.

Mo sọ ọ́ sókè fún ara mi, kó lè yé mi dáadáa. Yorùbá ni mo fi sọ ọ́.