Ìwé Ìhágún Ẹni Tí Yóò Jókòó Sórí Pẹpẹ Òkè Lọ́sàn-án Sátidé

Èmi tí gbogbo ilé ń pè ní Ayékòótọ́, àbíkẹ́yìn bàbá mi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí mo kàwé dé kíláàsì kẹta kí èmi àti ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó fẹnu kò pé ó tó gẹ́ẹ́, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilé ìdáná láàárọ̀ Sátidé yìí, mo sì ń há ogún mi. Orí mi pé. Ibà kò ṣe mí, ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi, bẹ́ẹ̀ ni n kò ṣe ẹ̀fẹ̀. Mo mọ̀ pé gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ni ẹ kò ní gbà gbọ́.

Nígbà tí lọ́yà wá ka ìwé ìhágún nílé kejì, orí ògiri ni mo wà. Mo gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ohùn ọkùnrin náà sì ti wà lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ náà. Òun ni mo fi ń kọ èyí. Níbi tí ohùn tèmi bá ti yọjú, ẹ bá mi fara dà á.

Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ nìyí. Ní aago méjìlá ọ̀sán òní, n óò gun pẹpẹ tí mo kàn sínú yàrá ẹrù, n óò sì jókòó sórí èyí tó ga jù. Bàbá mi ló sọ ọ́ ní gbangba pé pẹpẹ tí kò bá lè gbé ẹni tó kàn án, òun kò ní gbé ẹrù kankan lé e. Bó bá gbé mi, páálí mẹ́rìnlá tó kún yàrá kékeré yóò kúrò níbẹ̀ bọ́ sórí pẹpẹ, bẹ́ẹ̀dì yóò wọlé, Ìyá Àgbà yóò sì máa bá wa gbé. Bí kò bá gbé mi, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ń bọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án yìí kan náà, yóò sì gbé ìyá rẹ̀ lọ sílé tirẹ̀ tó jìnnà. Kò sí àárín méjì.

Mo yan ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, aránṣọ, láti mú ìwé yìí ṣẹ bí mo bá já bọ́. Òun nìkan nínú ilé yìí ló máa ń parí ohun tó bá bẹ̀rẹ̀, títí kan ìjà.

Kìíní. Fún ẹ̀gbọ́n mi yìí, mo fi mátírẹ́ẹ̀sì mi sílẹ̀, àti bàtà funfun tó ti ń yọ́ wọ̀ láti ọdún tó kọjá, tó rò pé n kò mọ̀.

Èkejì. Ológbò wa, tí kò lórúkọ nítorí pé a kò tíì fẹnu kò lórí ọ̀kan, mo fi í sílẹ̀ fún màámi, pẹ̀lú páálí tó fi ṣe ilé. Màámi, ẹ ní ẹ kò fẹ́ràn rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ń fún un ní orí ẹja.

Ẹ̀kẹta. Àwọn irinṣẹ́. Òòlù jẹ́ ti bàbá mi. Mo dá a padà pẹ̀lú èèkù tuntun. Èmi ni mo ṣẹ́ èèkù àtijọ́, kì í ṣe ikán. Ayùn àti téèpù jẹ́ ti káfíńtà tó wà ní ìkángun òpópónà wa. Kí a nù wọ́n kí a tó dá wọn padà. Pẹ́ńsùlù tó wà létí mi jẹ́ tèmi. Mo fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi mí kọ́gbọ́n pé pẹ́ńsùlù etí kì í sọni di káfíńtà.

Nítorí nígbà àkọ́kọ́ tí mo kan pẹpẹ yẹn, gbogbo ìṣe káfíńtà ni mo ṣe. Mo súfèé láàárín eyín bíi tirẹ̀, mo di ojú kan wo pákó, mo wúkọ́ kí n tó gbá ìṣó. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ohun kan ṣoṣo tí n kò wò lára ọkùnrin náà ni ọwọ́ rẹ̀. Mo wọn ògiri ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan péré, mo gé pákó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìwọ̀n kan náà. N kò mọ̀ pé yàrá náà kò gún: ó fún lẹ́yìn, ó sì fi ìwọ̀n ìka méjì fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ níwájú. Níwájú yẹn, etí lásán ni pákó fi kan igi tó yẹ kó gùn lé, bí ẹni tó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró létí kòtò. Lọ́jọ́ kẹta, gbogbo rẹ̀ wó, páálí àwo já lu fáànù bàbá mi. Ariwo yẹn nìkan ni n kò tíì lè sín jẹ.

Ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi sọ pé ó tó. Ó ní òun kò lè máa wo ìyá òun lórí àga pálọ̀ bí àlejò tí ọkọ̀ fi sílẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Ọ̀sẹ̀ méje ni Ìyá Àgbà ti ń sùn sórí àga náà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ síta lórí apá àga.

Ẹ̀kẹrin. Gbèsè. Mo jẹ ọ̀kan, kì í ṣe ti owó. Kí bàbá mi jọ̀wọ́ fọwọ́ lẹ́rán nígbà tí a bá ń ka ibí yìí.

Ní ọ̀sẹ̀ tí Ìyá Àgbà dé, káfíńtà wá kan ilẹ̀kùn wa láàárọ̀ ọjọ́ tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹpẹ tí bàbá mi gbé fún un. Èmi àti Ìyá Àgbà nìkan la wà nílé, òun sì wà ní balùwẹ̀. Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo fi ohùn bàbá mi dá a lóhùn. Mo ní, káfíńtà, máa lọ, mo ti rí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gún ju tìẹ lọ. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín, tàbí kó bú mi, kí n wá ṣílẹ̀kùn fún un. Kò ṣe méjèèjì. Mo gbọ́ bó ṣe gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀, tó sì lọ. Láti ìgbà náà ni bàbá mi ti ń pè é ní ẹni tí kò mọ àdéhùn, tí òun náà kò sì kí bàbá mi mọ́. Ọ̀rẹ́ ogún ọdún. Ohùn mi ló wà láàárín wọn.

Lẹ́yìn tí pẹpẹ àkọ́kọ́ wó, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ sínú ìyẹ̀fun pákó, mo jẹ́wọ́. Ó ní kí n fi ohùn náà sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo sọ ọ́. Ó mi orí, ó ní àbí o ò rí nǹkan, bàbá ẹ gan-an nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló ní òun kò ní bá wa kan pákó kan: ẹni tó fi ẹnu lé òun kúrò nílé, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi dúró tì í. Bí mo bá súfèé, á ní, pa ẹnu ẹyẹ yẹn dé, wọn igi.

Bàbá mi, ọkùnrin yìí kò já yín kulẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ẹ̀bẹ̀, ogún ni: ọ̀rẹ́ yín ni mo há fún yín.

Ẹ̀karùn-ún. Pẹpẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, fún gbogbo ilé. Mo wọn ibi tí pákó kọ̀ọ̀kan yóò jókòó sí lẹ́yìn, láàárín, níwájú. Mo kọ́kọ́ fi páálí gé ìrísí rẹ̀, mo gbé e wọlé, mo gbé e jáde, títí kò fi sí àyè tí ewé lè gbà kọjá láàárín òun àti ògiri. Ìṣó tí wọ́n ń lọ́ wọlé ni mo fi de igi abẹ́ wọn mọ́ ògiri, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbá. Òpó kan dúró láàárín níwájú, nítorí pákó gígùn a máa tẹ̀ láàárín bí ẹ̀yìn ẹṣin àgbà. Mo kọ nọ́ńbà sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má pààrọ̀ wọn, wọn kì í ṣe ìbejì. Ẹrù tó wúwo nísàlẹ̀, aṣọ òtútù àti ìwé lókè. Màámi, àpò ńlá tó kún fún àpò kékeré yẹn, kò sí àyè fún un.

Ẹ̀kẹfà. Àwọn ohùn mi, ohun ìní mi tó pọ̀ jù. Ti bàbá mi, mo dá a padà. N kò ní lò ó lẹ́yìn ilẹ̀kùn kankan mọ́. Ti màámi, tí mo máa ń fi pe ẹ̀gbọ́n mi jáde nínú balùwẹ̀ tòun ti ọṣẹ lójú, kí ẹ̀gbọ́n mi jogún rẹ̀ kó fi gbẹ̀san. Ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó máa ń ní òun ò bá ẹnikẹ́ni jà kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó lè gbé e. Kí a sin ín. Ti lọ́yà, kí a dá a padà fún lọ́yà.

Ó ku ọ̀kan. Ohùn Bàbá Àgbà, tó ti fi wá sílẹ̀ láti ọdún mẹ́rin. Ẹ kò mọ̀ pé mo ní in, àfi Ìyá Àgbà. Bí ẹ bá ti lọ síbi iṣẹ́ tán, nígbà mìíràn á ní kí n pe òun. N óò dúró sẹ́nu ọ̀nà, n óò pe orúkọ tí ọkọ rẹ̀ máa ń pè é, n óò fa ìparí rẹ̀ díẹ̀ bí baba náà ti máa ń fà á. Á ní, mo ń bọ̀. Kì í sunkún. Á kàn dìde, á fi ẹsẹ̀ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, tí dókítà ní kó máa lò, rìn wá bá mi. Ohùn yìí kò ṣeé há fún ẹnikẹ́ni. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe gbọ́dọ̀ gun pẹpẹ yẹn, nítorí rẹ̀ náà ni n kò ṣe gbọdọ̀ já bọ́.

Ẹ̀keje. Bí mo bá já bọ́ pẹ́nrẹ́n, kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fún mi ní ọjọ́ méje kó tó tan ọkọ̀. N óò wọn yàrá náà lẹ́ẹ̀kẹta, n óò tún un kàn. Bí n kò bá já bọ́, èmi fúnra mi ni yóò ka ìwé yìí láti òkè, níbi tí ọwọ́ bàbá mi kò ti ní tètè tó mi.

Àfikún, tí a kọ ní aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Orí pákó kẹrin ni mo wà. Ẹsẹ̀ mi kò kan ilẹ̀, irun mi kan àjà. Mo ti kà á tán. Bàbá mi nawọ́ sí mi lẹ́ẹ̀mejì, kò tó mi; lẹ́ẹ̀kẹta, ó di òpó àárín mú, ó mì í bí ẹni ń gbọn èso. Òpó kò mì. Ó tún gbìyànjú. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ pákó, ó fọwọ́ pa ibi tó ti pàdé ògiri. Lẹ́yìn náà ló béèrè bàtà rẹ̀, ó ní òun ń lọ sí ìkángun òpópónà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti gbé páálí àkọ́kọ́. Ó ní òun ò bá ẹnikẹ́ni jà o.

Mo fi ọwọ́ ara mi sí i, lórí ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi kàn, lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù yìí:

Ayékòótọ́

Lọ́yà ní ẹni tó bá jogún kò lè jẹ́rìí. Nítorí náà, àwọn ẹlẹ́rìí mi ni àwọn méjì tí n kò há nǹkan kan fún.

Ẹlẹ́rìí kìíní: ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó gbé páálí kalẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i.

Ẹlẹ́rìí kejì: Ìyá Àgbà, tó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n kọ ọ́ síbí pé òun kò fẹ́ ogún. Kí n sọ̀ kalẹ̀, kí n lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá kékeré, kí n pe òun wọlé.