Kókó Ara Okùn

Bàbá ọmọ mi, mo ti lọ síbi iṣẹ́ abẹ mi. Mi ò jí yín, torí tí mo bá jí yín, ìjà la máa jà.

Láàárọ̀ yìí ni mo ṣí ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, pé kí n fi iṣẹ́ han aránṣọ tó fẹ́ dúró fún mi títí ara mi á fi yá. Àṣé ẹ ti tú gbogbo kókó ara àwọn okùn tí mo fi kọ́ ìṣó, ẹ ká wọn sínú agolo. Ẹ ní ẹ ń bá mi tún ibẹ̀ ṣe! Ìwọ̀n àwọn oníbàárà mi ni kókó tí ẹ tú yẹn: àyà, ìbàdí, gígùn apá, ti ogún ọdún gbáko. Mi ò kọ ọ́ síbì kankan. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi níṣẹ́ nìyẹn.

Mo ti ní kí aránṣọ náà máa lọ. Kí ló fẹ́ fi ṣiṣẹ́? Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pa.

Okùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé yìí. Ìwọ̀n tèmi ni mo ta ní kókó sí i. Tí mi ò bá jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ gbé e fún ẹni tó máa rán aṣọ ìkẹyìn mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi tún ìyẹn ṣe.