Igi Ewé Fàdákà Yín Ti Rúwé

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Sìdíkátù, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi kọ èyí, torí ẹ mọ̀ pé mi ò kàwé. Mo ti kìlọ̀ fún un kó má fi oyin sí ọ̀rọ̀ mi.

Igi yukalíptọ́sì tí ẹ gbé wálé láti Ìkòyí, níbi tí ẹ ti ń tún ọgbà ṣe, ó kù díẹ̀ kó kú. Inú agolo mílíìkì lẹ gbé e sí nígbà náà, kò ju ìka ọwọ́ lọ. Ewé fàdákà lẹ máa ń pè é. Láràárọ̀, ẹ ó já ewé kan, ẹ ó fi ọwọ́ ra á, ẹ ó gbé e sí mi nímú kí ẹ tó lọ síbi iṣẹ́. Ṣé ẹ ṣì ń gbóòórùn rẹ̀ lọ́run níbẹ̀ yẹn?

Inú ìkòkò amọ̀ ńlá ló wà báyìí, lẹ́bàá ibi tí a ti ń ṣe àlùwàlá nínú agboolé wa ní Ẹnu Ọ̀wá. Ràímọ́tù ìyàwó mi ló máa ń tọ́jú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìyàwó mi kú, àánú igi náà wá ń ṣe gbogbo ará ilé. Ẹni tó bá ṣe àlùwàlá tán, á da omi tó kù nínú bútà sí i. Wọ́n ní ìbùkún ni. Ìrun márùn-ún lójúmọ́, gbogbo agboolé! Ewé pọ́n, ó ń já bọ́. Bó ṣe ń já ni wọ́n tún ń da omi sí i.

Musílíù ọmọ mi dúró tì í. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbé òkú igi yìí sọnù. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ gbé tánkì omi sí bí Ààwẹ̀ bá parí."

Mo ní, "Ta lò ń pè lókùú? Kúrò níwájú mi."

Mo da ìkòkò náà dùbúlẹ̀. Ẹrẹ̀ ló kún un, ó ń rùn bíi gọ́tà. Mo gé gbòǹgbò tó ti rà, mo la ihò ìdí ìkòkò tó ti dí, mo po yanrìn mọ́ erùpẹ̀ tuntun. Mo wá fi àdá gé igi náà dé ìwọ̀n orúnkún, bí ẹ ṣe máa ń gé e, torí ewé tuntun nìkan ló ń dán bíi fàdákà. Ilé ké. Ṣìfáwù àbúrò mi ní opó ọkùnrin ti fi ìbínú pa igi. Mo ní ẹni tó bá tún da omi sí i, àlùwàlá rẹ̀ ti bàjẹ́.

Báyìí náà ni wọ́n ṣe mí nígbà tí Ràímọ́tù kú. Oúnjẹ láàárọ̀, ẹkún lọ́sàn-án, pẹ̀lẹ́ lálẹ́. Mi ò rí èémí mí. Ìgbà tí mo lé wọn jáde ni mo tó lè jẹun. Ta ló kọ́ yín pé igi yìí kì í fẹ́ àánú àpọ̀jù? Ẹ ò sọ fún mi rí.

Ọkàn mi balẹ̀, mo ń wò ó. Kí Ìtúnu Ààwẹ̀ tó dé, ìdí igi náà wú, ó yọ ẹnu pupa, lẹ́yìn náà ewé róbótó jáde, ó funfun bí eérú. Musílíù rí i. Ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná ló gbé tánkì rẹ̀ sí.

Láàárọ̀ àná, mo wà lórí ẹní mi, mo gbọ́ ohùn Musílíù níta, ó ń pariwo mọ́ àlejò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá tán:

"Alájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da omi síbẹ̀ o! Igi bàbá bàbá mi ni!"

Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ ọ?

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ máa ń gbé ewé sí nímú.