Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Wẹ́wẹ́ àti Kán-ún inú Ẹ̀jẹ̀ Mi

Becontree, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù

Àjàní ọmọ mi ní Ìbàdàn,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara ìyàwó le? Ọlọ́run tó gbé mi sọdá òkun nínú ọkọ̀ òfuurufú láìjẹ́ kí n já bọ́ yóò máa ṣọ́ yín lójú títì, àmín. Èmi wà láàyè, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí lọ́sẹ̀ tó lọ fún ọ.

O mọ̀ pé nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Ìbíyẹmí ẹ̀gbọ́n rẹ ni dókítà ibí fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìyá Adékẹ́mi, ìyá àdúrà ní ìjọ Aládùúrà wa ní Barking, wá sọ fún mi pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni oògùn gidi, pé ó máa ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó ń jẹ́ kí inú rọ̀, ó sì ń fún ẹsẹ̀ àgbà lágbára. Abọ́ abọ́ ni wọ́n ń tà á lọ́jà East Street, ni mo bá ń jẹ ẹ́ láàárọ̀, mo ń jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, mo ń fi sùn lálẹ́. Ẹsẹ̀ mi fúyẹ́ lóòótọ́, mo sì ń yin Olúwa.

Àfi bí wọ́n ṣe gba ẹ̀jẹ̀ mi lọ́dọ̀ dókítà láti yẹ̀ ẹ́ wò, tí fóònù dún lọ́jọ́ kejì. Obìnrin kan ní kí n kọ́kọ́ sọ ọjọ́ ìbí mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó má ṣèyọnu, a kì í ṣe àríyá ọjọ́ ìbí nílé wa. Sylvanus ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ gba fóònù, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní pọtásíọ́mù ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ mi, pé ìbátan kán-ún ni, pé ó lè dá ọkàn dúró, ká máa lọ sí ọsibítù kíákíá. Kán-ún kẹ̀! Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Òdoṣẹ́nlú, n kò fi kán-ún kan ẹnu. Ta ló wá da kán-ún sínú ẹ̀jẹ̀ mi? Mo wo ilé yíká, mo ń fura sí gbogbo wọn, títí kan kẹ́tùlù.

Nínú ọkọ̀, mo ń pín ẹrù mi. Mo ní kí Ìbíyẹmí kó ìró mi, kí ìwọ gba ilẹ̀ ẹ̀bá odò, kí wọ́n má sì sin mí síbí, nítorí ilẹ̀ ibí tutù, òkú mi á máa gbọ̀n.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Jannah lẹ wáyà ẹ̀rọ kan mọ́ mi láyà, ó ní ẹ̀rọ náà fẹ́ wo ohun tó wà nínú ọkàn mi. Àjàní, ẹ̀rù tó bà mí nígbà yẹn ju ti ikú lọ, nítorí Sylvanus dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó tẹjú mọ́ ẹ̀rọ, ìwọ náà sì mọ gbogbo ohun tí mo ń rò nípa rẹ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó, pé ahun ni, pé ìhanrun rẹ̀ ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta. Mo dijú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín kíkankíkan nínú ọkàn mi, kí ẹ̀rọ lè rí nǹkan rere kà. Nígbà tí mo lajú, omi ń dà lójú rẹ̀. Mo ní ó ti parí, ó ti kà á. Àṣé ẹkún kí n má kú ni. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n má fi àwọn sílẹ̀, pé òun kò ní ìyá mìíràn. Ojú tì mí.

Wọ́n fa omi sí mi lára, wọ́n fún mi ní oògùn tó ń lé kán-ún náà jáde. Dókítà bi mí ní ohun tí mo ń jẹ. Nígbà tí mo dárúkọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó gbé bíírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò burú, ó ń ṣe ara lóore, ṣùgbọ́n pọtásíọ́mù pọ̀ nínú rẹ̀. Ó ní ẹni tí ara rẹ̀ dá á tọ̀ ọ́ dànù, àmọ́ kíndìnrín tèmi ti rẹ̀, oògùn mi sì ń dá pọtásíọ́mù náà dúró sínú ara. Ó yí oògùn náà padà, ó ní kí n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ ná. Mo ti padà sílé, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ti bọ̀ sípò. Síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà mí. Ọsàn wà lórí tábìlì bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ẹ̀gbẹ́ ojú ni mo fi ń wò ó.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ṣe ìdúpẹ́ ní ìjọ. Mo gbọ́ pé náírà máa ń fọn bó bá sọdá òkun, nítorí náà àwọn tó nípọn ni kí o ṣà. Máa jẹ èso o, ṣùgbọ́n má jẹ ẹ́ bí ẹni ń gbẹ̀san.

Ohun tó yẹ kó wò ọ́ sàn kò ní di ohun tí yóò dá ọ dúbúlẹ̀. Ìwọ lo máa sin mí, Àjàní, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́dún yìí o.

Èmi ni ìyá rẹ,
Wúrà