Ilé tí Ọmọ Mi ń Kọ́ sí Línúùsì

Ọmọ mi obìnrin, àkọ́bí mi,

Tìtìjú-tìtìjú ni mo fi ń kí ọ. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ, kí oúnjẹ má wọ́n lẹ́nu rẹ, kí àwọn tó ń gbé nítòsí rẹ máa fi ojú rere wò ọ́. Àmín. Ìyá rẹ wà, orúnkún rẹ̀ ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀, òróró tí o fi ránṣẹ́ ló fi ń pa á. Àbúrò rẹ ti rí iṣẹ́ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì, ìyẹ̀fun ló ń gbé wálé lára lójoojúmọ́. Ajá wa bímọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mi ò sì lè lé e, torí ó ń wò mí bíi pé èmi ni mo wá bá a lálejò.

Mo ti ròyìn àwọn ará ilé tán báyìí, kò sì síbi tí mo lè sá sí mọ́. Ọ̀rọ̀ bíríkìlà ni mo fẹ́ sọ.

O rántí pé nígbà tí o pè mí gbẹ̀yìn lórí fóònù, mo bi ọ́ pé kí ló dé tí a ò rí ọ nílé. O ní ò ń kọ́ nǹkan ńlá kan ni, pé láti ìpìlẹ̀ lo ti ń kọ́ ọ, orí Línúùsì lo ń kọ́ ọ sí, pé gbogbo ìgbà tó bá ti kù díẹ̀ kó parí ló máa ń dà wó, nítorí àwọn láíbìrì kan tó yẹ kó gbé e dúró kò tíì pé. Mo ní kí Ọlọ́run ràn ọ́ lọ́wọ́, mo gbé fóònù sílẹ̀, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó nínú pálọ̀. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ọmọ wa ń kọ́lé, ilé tó ní yàrá ìwé, kì í ṣe ẹyọ kan o, yàrá ìwé lọ́tùn-ún lósì. Ìyá rẹ ní ta ló fẹ́ ka gbogbo ìwé yẹn. Mo ní kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọlá.

Ǹ bá ti jókòó sílé jẹ́ẹ́. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni mo gbà lọ. Télọ̀ wà níbẹ̀, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò lè kí èèyàn tán kó má dárúkọ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ọmọ rẹ̀ kọ́. Ó yíjú sí mi, ó bi mí pé iṣẹ́ wo gan-an ni ọmọ tèmi ń ṣe. Ni mo bá dìde, mo ní ìwọ náà ń kọ́lé, sí Línúùsì, àfi pé ó máa ń dà wó kó tó parí. Télọ̀ ní òun ti gba Línúùsì kọjá rí, pé ilẹ̀ ibẹ̀ wọ́n.

Bíríkìlà tí wọ́n ń fá lórí lọ́wọ́ kò rẹ́rìn-ín. O mọ bí ọkùnrin yẹn ṣe fẹ́ràn rẹ, òun ló máa ń gbé ọ kọ́ ọrùn nígbà tó ń rẹ́ ilé wa yìí. Ó ní ilé kì í dédé wó lemọ́lemọ́, pé àwọn kan ló ń bu sìmẹ́ńtì ọmọ náà tà lẹ́yìn rẹ̀. Ó fi ọgbà tó ń mọ fún olùkọ́ sílẹ̀ láàbọ̀, ó di ṣọ́bìrì, okùn ìwọ̀n àti ṣíbí tó fi ń rẹ́lé sínú àpò, ó ní òun ń lọ. Èmi tó yẹ kó dá a dúró, èmi ni mo kọ àdírẹ́sì ibi iṣẹ́ rẹ lé e lọ́wọ́, tí mo sìn ín dé ibùdókọ̀, tí mo ń juwọ́ bí ẹni tó rán ọmọ ogun lọ sójú ìjà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, torí ìwọ ò pè mí mọ́. Ó dé ẹnu géètì yín, ẹ̀ṣọ́ bi í pé kí ló wá ṣe, ó ní òun wá wo ilé tó ń wó ni. Ẹ̀ṣọ́ wo ṣọ́bìrì, ó wo okùn ìwọ̀n, ó gbójú sókè wo ilé gíga tí ẹ wà nínú rẹ̀, ló bá figbe ta pé ilé ń wó. Gbogbo òṣìṣẹ́ rọ́ jáde sí títì, ẹnì kan wọ bàtà ẹlòmíì, ẹlòmíì sì pa iná gbogbo ilé kí iná má baà gbé èèyàn. Bíríkìlà náà bá wọn sá. Iná tí wọ́n pa yẹn ló ba iṣẹ́ rẹ jẹ́, ohun tí kọ̀ǹpútà ti ń tò jọ láti ìdájí, tó kù fẹ́ẹ́rẹ́ kó parí, tí ọ̀gá rẹ sì ti ṣèlérí pé àwọn àlejò máa wá wò lọ́jọ́ kejì.

Ó ní ọ̀gá rẹ dúró láàárín títì, ó ń béèrè pé ta ló ni ọkùnrin yìí. Bíríkìlà ní òun ń wá ibi tí ilẹ̀ ti lanu kí òun kó sí i. Ó ní ìwọ lo jáde láàárín èrò, o kúnlẹ̀ kí òun lórí ọ̀dà títì, o gba àpò lọ́rùn òun, o sì dá ọ̀gá lóhùn pé tìrẹ ni, bàbá rẹ ló rán an.

Ibẹ̀ ni mo ní kó dúró ná, mo wọ yàrá lọ. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, omi sì bọ́ lójú mi.

Nígbà tí mo jáde, ó ṣàlàyé bí o ṣe ṣàlàyé fún un, pé Línúùsì kì í ṣe àdúgbò, inú kọ̀ǹpútà ló wà. Pé àwọn ọlọ́gbọ́n káàkiri ayé ló kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ wọn ò tò ó pọ̀, ẹni tó bá fẹ́ lò ó ló máa tò ó fúnra rẹ̀. Pé láíbìrì kì í ṣe yàrá ìwé, ara iṣẹ́ náà ni, èyí á ní òun ò dìde àfi tí tọ̀hún bá dé, tọ̀hún á ní òun náà ń retí ẹnì kan, ìlà pupa á kún ojú gíláàsì kọ̀ǹpútà, ìwọ á kawọ́ lérí, o tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní o ò kan oúnjẹ. Ó jókòó tì ọ́ títí iṣẹ́ náà fi dúró láì wó. Ó ní òun rí odò nínú gíláàsì náà, òjò ń rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ìró rẹ̀, omi ń wọ òpópónà kọ̀ọ̀kan, bí àkúnya ṣe máa rí kó tó dé, ìwọ sì ń fìka tọ́ka sí ilé tí omi máa kọ́kọ́ wọ̀, kí wọ́n lè tètè kó àwọn arúgbó ibẹ̀ jáde. Mo bi í bóyá omi ò ba tábìlì rẹ jẹ́. Ó ní tábìlì gbẹ. Ìyẹn ò tíì yé mi.

Ó ròyìn kan náà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí onígbàjámọ̀ fi gbé abẹ sílẹ̀. Télọ̀ ló rẹ́rìn-ín jù, òun tó ti gba ibẹ̀ kọjá rí. Mi ò tíì padà síbẹ̀, irun mi ti fẹ́ bo etí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín wọn ló ń dùn mí, ọmọ mi. Wọ́n béèrè iṣẹ́ rẹ lọ́wọ́ mi, mi ò mọ̀ ọ́n, mo wá lọ gbé ilé tí kò sí wọ̀ ọ́ lọ́rùn, bíi pé èyí tí ò ń ṣe kò tó ohun tí bàbá lè fi yangàn. Ìyẹn ló ń tì mí lójú.

Owó díẹ̀ ni mo fẹ́ tọrọ, owó ọkọ̀ ni. Mo fẹ́ wá rí iṣẹ́ náà fúnra mi. Mi ò ní bá ẹ̀ṣọ́ sọ ohunkóhun ju orúkọ rẹ lọ. Tó bá tún wó lójú mi, mi ò ní béèrè nǹkan kan, mo kàn máa jókòó tì ọ́ ni. Tí inú bá ṣì ń bí ọ, mú owó rẹ dání, kí o kàn pe ìyá rẹ. Èmi á máa gbọ́ ohùn rẹ láti ẹ̀gbẹ́.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ohun tí o bá kọ́ dúró, ìbáà ṣe ilé, ìbáà ṣe èyí tí mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń pè é.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.